Páànù Irin Àtijọ́: Bí a ti ń yàn án, bí a ti ń tún un ṣe, àti bí a ti ń fi í se oúnjẹ

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ páànù irin tí àwọn ìyá àgbà fi dín ẹran, tí wọ́n sì fi yan búrẹ́dì àgbàdo, ni àwọn ọmọ wọn kó dà sí ààtàn tàbí tí wọ́n jù sí ẹ̀yìn ilé fún òjò, nítorí pé ìpáàrà bò wọ́n, tàbí nítorí pé páànù fífúyẹ́ ti dé. Lónìí àwọn ọmọ-ọmọ ń wá irú páànù bẹ́ẹ̀ kiri nínú ọjà àlòkù, wọ́n sì ń fi owó gidi rà wọ́n. Àwọn kan ń kó wọn jọ nítorí àmì àti ọjọ́ orí wọn. Àwọn púpọ̀ ń rà wọ́n láti fi se oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Páànù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó sì ní ọwọ́ kan tí a fi ń dì í mú. Irin tí a fi ṣe é kò yàtọ̀ sí ti ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó wà nínú ilé ìdáná àwọn ìyá wa àtijọ́. Ohun tí ó ń ba ọ̀kan jẹ́ ni ó ń ba èkejì jẹ́. Ohun tí ó ń tún ọ̀kan ṣe ni ó sì ń tún èkejì ṣe.

Ohun kan ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpáàrà tí ojú ń rí, tí ó sì ń lé olùrà sẹ́yìn, kì í tètè pa irú irin yìí. A lè wò ó sàn. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni ó yẹ kí a bẹ̀rù: sísán tí ó tín-ínrín bí irun, àti òjé tí ó fara pamọ́ sábẹ́ èérí. Ọ̀kan yóò mú kí owó ṣòfò. Èkejì yóò mú kí ọmọ inú ilé ṣàìsàn.

IRIN DÍDÀ

Oríṣi irin méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ilé àti ní oko. Èkínní ni irin tí alágbẹ̀dẹ fi owú lù, irú èyí tí a fi ń ṣe ọkọ́ àti àdá. Bí ó bá ṣubú lu òkúta, ó lè tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè fọ́. Èkejì ni irin dídà, èyíinì ni irin tí a yọ́ nínú iná títí ó fi di bí omi, tí a sì dà á sínú iyanrìn tí a ti mọ ní àwòrán ohun tí a ń fẹ́. Irin yìí ní èròjà èédú nínú, bí ìdá 2 sí ìdá 4 nínú 100. Èédú náà ni ó ń mú kí ó yọ́ ní ooru bí ìwọ̀n 1,200 Sẹ́ńtígíréèdì, nígbà tí irin tí kò ní àbùlà kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá ìwọ̀n 1,500. Èédú náà ni ó sì ń mú kí ó gan: bí a bá jù ú lu òkúta, fífọ́ ni yóò fọ́, bí ìkòkò amọ̀.

Ní ọdún 1707, Abraham Darby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí ó gbà ń da ìkòkò irin sínú iyanrìn. Ìkòkò idẹ ni ó ti wà ní ọwọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ṣáájú, owó rẹ̀ sì wọ́n. Láti ìgbà Darby ni ìkòkò irin ti bẹ̀rẹ̀ sí di ohun tí àwọn mẹ̀kúnnù lè rà.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń dáná nílẹ̀, páànù wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ó lè dúró lórí ẹyín iná. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá George Washington, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, kò gbàgbé rẹ̀ nínú ìwé ìhágún tí ó kọ ní ọdún 1788: ó pín ohun èlò irin ilé ìdáná rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, sítóòfù onírin tí ń jó igi tàbí èédú wọ inú ilé, ẹsẹ̀ páànù kò sì wúlò mọ́. Ìgbà náà ni ìdí rẹ̀ di pẹrẹsẹ bí a ti ń rí i lónìí.

ÀWỌN TÍ Ó ṢE WỌ́N

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni orúkọ wọn hàn jùlọ lára páànù Amẹ́ríkà. Èkínní ni Griswold, ní ìlú Erie ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1865. Irin tí ilẹ̀kùn ń yí lórí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, kí ó tó bọ́ sórí ohun èlò ìdáná. Èkejì ni Wagner, tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dá sílẹ̀ ní ìlú Sidney ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1891. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Joseph Lodge dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 ní ìlú South Pittsburg ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ó kọ́kọ́ sọ ilé iṣẹ́ náà ní Blacklock, orúkọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Iná jó o ní ọdún 1910. A tún un kọ́ ní tòsí ibẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Lodge. Ó ṣì ń da irin títí di òní.

Griswold ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Erie ní ọdún 1957. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni páànù alumíníọ̀mù gbilẹ̀, lẹ́yìn náà ni èyí tí a fi Teflon bò, nítorí pé wọ́n fúyẹ́, kò sì sí ìpáàrà lára wọn.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn tún padà wá ti àtijọ́? Ìdí méjì ni. Wọ́n da páànù àtijọ́ ní tín-ínrín, nítorí náà ó fúyẹ́ lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ èyí tí a ń dà lónìí lọ. Lẹ́yìn dídà, wọ́n sì tún máa ń lọ inú rẹ̀ títí yóò fi dán, nígbà tí ọ̀pọ̀ páànù tuntun ṣì ní ojú iyanrìn tí a dà wọ́n sí lára. Èyí kò sọ páànù tuntun di aláìwúlò. Bí a bá ń lò ó dáadáa, awọ dúdú tí òróró ń ṣe yóò dí àwọn kòtò kéékèèké náà, ẹyin kì yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

BÍ A TI Ń YÀN ÁN

Kí olùrà kọ́kọ́ yí páànù dojú dé, kí ó ka ìdí rẹ̀. Nọ́ḿbà tí a kọ síbẹ̀ tàbí sí ọwọ́ rẹ̀, bíi 3, 5, 8 tàbí 10, kì í ṣe iye ínṣì rẹ̀. Ó ń tọ́ka sí bí ojú sítóòfù ìgbà náà ti tóbi tó. Páànù nọ́ḿbà 8, tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀, fẹ̀ ní ẹnu tó bí ínṣì 10 ààbọ̀. Nọ́ḿbà 13 ti Griswold ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ni àwọn olùkójọ ṣe ń du ú. Bí a bá rí ìlà kan tí ó yọ gàgà la àárín ìdí páànù, ojú ibi tí irin yíyọ́ gbà wọ inú iyanrìn ni. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi hàn pé inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti da páànù náà.

Níbi tí owó bá gbé wà, àdàmọ̀dì kì í jìnnà. Àwọn ẹlòmíràn a mú ojúlówó páànù, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, wọn a sì da òmíràn ní àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin fúnra rẹ̀ ni ó ń tú àṣírí wọn. Irin dídà a máa sún kì bí ó ti ń tutù, tó ínṣì kan tí a pín sí 8 nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà àdàmọ̀dì máa ń kéré díẹ̀ ju ojúlówó lọ. Lẹ́tà ìdí rẹ̀ kì í sì mú, ojú rẹ̀ sì máa ń rí ṣákaṣàka.

Lẹ́yìn èyí, kí a dán an wò báyìí:

1. Kí a gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí a sì fi ìka tẹ etí rẹ̀. Bí ó bá ń mì, tàbí tí ó ń yí bí òkòtó, ìdí rẹ̀ ti wọ́. A ṣì lè lò ó lórí iná igi, ṣùgbọ́n kò ní jókòó dáadáa lórí sítóòfù olójú pẹrẹsẹ.

2. Kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó rọ̀ sísàlẹ̀, kí a sì fi igi kékeré kàn án. Páànù tí ó pé yóò dún gbọnrangandan bí agogo. Èyí tí ó ti sán yóò dún kú, bí ìkòkò amọ̀ tí ó ti là.

3. Kí a gbé e sí oòrùn, kí a wo etí rẹ̀ yíká, kí a sì wo ibi tí ọwọ́ gbé so mọ́ ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Páànù tí ó bá ti sán, kí a má ṣe rà á fún sísè oúnjẹ, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, nítorí ooru yóò máa la ojú sísán náà síwájú.

4. Kí a wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ibì kan bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí fífọ̀ kò sì mú un kúrò, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti jù ú sínú iná ńlá láti jó èérí rẹ̀. Òróró kì í dì mọ́ irú ibẹ̀ dáadáa.

5. Kí a fi ìka pa inú rẹ̀. Ìpáàrà tí ó wà lójú kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ irin náà ní ihò wẹẹrẹ káàkiri, kò sí fífọ̀ tí yóò dá a padà.

ÒJÉ: EWU TÍ Ó FARA PAMỌ́

Òjé tètè ń yọ́. Iná ilé ìdáná lásán lè yọ́ ọ, nítorí ooru ìwọ̀n 327 Sẹ́ńtígíréèdì tó fún un. Nítorí náà, láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ọdẹ a máa yọ́ òjé nínú páànù irin láti fi ṣe ọta ìbọn. Apẹja a fi í ṣe ohun tí ń fa àwọ̀n àti ìwọ̀ rì. Àwọn tí ń so páìpù omi a sì fi í dí oríkèé páìpù. Páànù tí a ti lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a tún padà bọ́ sí ọjà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún olùrà.

Májèlé ni òjé. Kò ní òórùn, kò sì ní adùn kíkorò tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ń jẹun. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń ṣe aboyún àti oyún inú rẹ̀ ní ibi. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní òkè ọya, eruku òjé tí ó jáde láti inú òkúta tí àwọn awa-wúrà ń lọ̀ pa ó kéré tán 400 ọmọdé ní ọdún 2010. Kì í ṣe páànù ni ó fa ti ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí òjé ti rí nígbà tí ó bá wọ inú ara ọmọ.

Nítorí náà, bí olùrà bá rí ẹ̀kán tàbí òṣùṣù kékeré nínú páànù tí ó ń dán bí fàdákà eléérú, tí èékánná tàbí ọ̀bẹ lè họ, kí ó fi í sílẹ̀. Òwú ìdánwò kan wà tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ó bá kan òjé. Kí a lò ó ní ibi púpọ̀ nínú páànù àti ní ìdí rẹ̀, kí a sì tún lò ó nígbà tí èérí bá ti ṣí kúrò, nítorí òjé lè wà lábẹ́ awọ dúdú. Bí a bá rí òjé, sísè tàbí jíjó kò lè mú un kúrò. Jíjó yóò tún sọ ọ́ di èéfín tí àwọn ará ilé yóò fà sí imú. Kí a fi irú páànù bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri, tàbí kí a sọ ọ́ nù. Ẹni tí ó bá tà á fún ẹlòmíràn láì sọ ohun tí ó mọ̀ ti ta májèlé.

BÍ A TI Ń WO ÌPÁÀRÀ SÀN

Iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: kí a mú èérí òróró àtijọ́ kúrò, kí a sì mú ìpáàrà kúrò. Kí a má ṣe jù ú sínú iná ìgbẹ́ tàbí iná ààtàn, bí ó ti wù kí ó yá tó. Iná bẹ́ẹ̀ ń wọ́ irin, ó sì ń là á.

Àwọn ìyá tí ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ agbára omi eérú: ó ń mú òróró, ó sì ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Iṣẹ́ kan náà ni sóódà líle tí àwọn aṣe-ọṣẹ ń rà lọ́jà ń ṣe lára páànù, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Kí a wá ike ńlá tí ó ní ìdérí. Kí a bu omi tútù tó lítà 20 sínú rẹ̀, kí a sì rọra da sóódà tó gíráàmù 450 sínú omi náà. Sóódà ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi sórí sóódà, nítorí yóò hó, yóò sì ta sí ojú. Kí ẹni tí ń ṣe é wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó fi gíláàsì bo ojú, kí ó sì gbé ike náà sí ibi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò lè dé. Kí páànù wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Sóódà kì í jẹ irin, ṣùgbọ́n ó ń jẹ alumíníọ̀mù run. Nítorí náà kí ìkòkò alumíníọ̀mù má ṣe kàn án rárá.

Nígbà tí èérí bá ti yọ, kí a ṣan páànù dáadáa, kí a wá kọjú sí ìpáàrà. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, irin wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fọ ìkòkò pẹ̀lú ọṣẹ tó láti ha á kúrò. Bí ó bá pọ̀, kí a po ọtí kíkan àti omi ní ìwọ̀n kan náà, kí a rì í sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a sì yọ ọ́ láti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí bí ọtí kíkan bá jẹ ìpáàrà tán, irin ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Kí a ṣan án, kí a nù ún, kí a sì gbé e ka iná lójú kan náà títí yóò fi gbẹ. Irin tí ó wà ní ìhòòhò báyìí lè tún pọ́n kí ènìyàn tó jẹun tán.

AWỌ DÚDÚ

Irin ìhòòhò kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀; a gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ. Aṣọ rẹ̀ ni awọ dúdú tí ó ń dán, irú èyí tí a ń rí nínú agbada àwọn aláàkàrà. Awọ náà kì í ṣe òróró tútù. Òróró ni tí ooru ti yí padà, tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kéékèèké ti so mọ́ra wọn títí wọ́n fi di ohun líle kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà tí a fi kun ilẹ̀kùn ti ń gbẹ tí ó sì ń le.

Kì í ṣe gbogbo òróró ni ó dára bákan náà fún iṣẹ́ yìí. Òróró sóyà àti òróró àgbàdo yẹ fún un, nítorí wọ́n rọrùn láti dì. Epo pupa àti òróró àgbọn kì í tètè dì bẹ́ẹ̀.

Kí a yá páànù díẹ̀ lórí iná, kí a fi aṣọ mímọ́ ta òróró díẹ̀ sí gbogbo ara rẹ̀: inú, ìta, ìdí àti ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kí a mú aṣọ gbígbẹ, kí a nu gbogbo òróró náà kúrò bí ẹni pé àṣìṣe ni a fi tà á sí i. Èyí tí ó bá kù tí ojú kò rí ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi òróró púpọ̀ sílẹ̀ yóò rí i pé páànù ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje igi. Kí a wá dojú rẹ̀ dé nínú ààrò tí ó gbóná tó ìwọ̀n 230 Sẹ́ńtígíréèdì, fún wákàtí kan, kí a sì jẹ́ kí ó tutù níbẹ̀. Ẹni tí kò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ lè tọrọ àyè nínú ààrò oníbúrẹ́dì nígbà tí ó bá ti kó búrẹ́dì rẹ̀ jáde. Kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọ̀ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú, yóò sì máa dúdú sí i bí a ti ń lò ó.

BÍ A TI Ń FI SE OÚNJẸ

Irin dídà kì í yára gbóná bí alumíníọ̀mù, kì í sì gbóná dọ́gba. Bí ó bá gbóná tán, kì í tètè tutù. Nínú ìwà méjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n lílò rẹ̀ wà. Kí a gbé e ka iná jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí a tó fi òróró àti oúnjẹ sí i. Ẹni tí ó bá dá iná ńlá sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé àárín ń jóná nígbà tí etí ṣì tutù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹran tí a bá gbé sínú páànù tí ó ti gbóná dáadáa yóò pọ́n lára, kì yóò sì ya omi, nítorí ooru tí irin ti kó pamọ́ kò jẹ́ kí páànù tutù.

Oúnjẹ tí a mọ páànù yìí mọ́ jùlọ ní gúúsù Amẹ́ríkà ni búrẹ́dì àgbàdo. Àní láti ọdún 1997 ni ìlú South Pittsburg ti ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyí fún páànù nọ́ḿbà 8. Kí a po ìyẹ̀fun àgbàdo ife 2, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, àti sóódà tí a fi ń yan búrẹ́dì ṣíbí kékeré 1. Kí a kíyè sí i pé èyí kì í ṣe sóódà líle tí a fi fọ páànù. Májèlé ni ìyẹn, kí a má ṣe tọ́jú wọn sí ibì kan náà. Kí a lu ẹyin 2 mọ́ wàrà kíkan ife 2, kí a sì dà á sínú ìyẹ̀fun náà. Kí a fi ọ̀rá tàbí òróró ṣíbí ńlá 2 sínú páànù, kí a gbé e sínú ààrò tí ó gbóná tó ìwọ̀n 230 títí ọ̀rá yóò fi gbóná gan-an, kí a tó da àpòpọ̀ náà sí i. Bí ó bá ti kàn án, yóò hó ṣàà; ariwo yẹn ni ó ń fún búrẹ́dì ní èèpo tí ó pọ́n tí ó sì ń dún lẹ́nu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 25, ó jinná.

Ọbẹ̀ tòmátì àti ohun kíkan gbogbo kò yẹ kí ó pẹ́ nínú páànù tí awọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Kíkan a máa bó awọ náà, oúnjẹ a sì máa ní adùn irin.

IRIN NÍNÚ OÚNJẸ

Díẹ̀ nínú irin páànù a máa bọ́ sínú oúnjẹ, pàápàá bí ó bá kan tí ó sì ní omi. Èyí lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde láti ilẹ̀ Etiópíà: ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí a ń se oúnjẹ wọn nínú ìkòkò irin dára sí i ju ti àwọn tí a ń se tiwọn nínú ìkòkò alumíníọ̀mù lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ páànù di oògùn. Ẹni tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ń ṣe níláti rí dókítà, nítorí ibà, aràn àti àrùn mìíràn lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí irin ti pọ̀ jù nínú ara wọn, pàápàá àwọn tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn tí wọ́n ń mu ọtí púpọ̀ tí a pọn nínú ohun èlò irin ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀ nítorí àpọ̀jù irin. Kí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó máa fi ìkòkò irin se oúnjẹ ojoojúmọ́.

ÌTỌ́JÚ OJOOJÚMỌ́

Kí a fọ páànù nígbà tí ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọṣẹ ìfọwọ́ tí kò le kì í bó awọ rẹ̀ bí àwọn kan ti ń wí. Ọṣẹ tí agbára eérú tàbí sóódà pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń bó o.

Kí a má ṣe rẹ ẹ́ sínú omi di òwúrọ̀.

Kí a má ṣe bu omi tútù sí i nígbà tí ó gbóná. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ páànù tí ó ti lò ju 100 ọdún lọ fi sán ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí a gbẹ ẹ́ lórí iná, kí a fi òróró díẹ̀ pa á, kí a sì nù ún.

Ní ìgbà òjò, kí a má ṣe fi ìdérí dé e pa nínú àpótí. Kí a fi ìwé lásán sínú rẹ̀ kí ó máa fa ọ̀rinrin.

Páànù tí a ń lò lójoojúmọ́ ni ìpáàrà kì í rí àyè wọ̀. Ohun èlò mìíràn ń gbó bí a ti ń lò ó, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi òróró dín nínú páànù irin ń fi kún awọ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ní ìkòkò tàbí páànù irin kan tí a ti gbàgbé lẹ́yìn ilé gbé e wá sí oòrùn, kí ó kàn án gbọ́, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá dún bí agogo, tí kò sì sí òjé nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni ó kù kí ó tó tún padà sórí iná.